Àgádágodo Pupa

Ọmọbìnrin tó ń tajà nínú ìsọ̀ náà bi mí pé, "Mélòó lẹ fẹ́, sà?" Mo ní mẹ́fà. Ó wo ọwọ́ òsì mi tí mo fi di báàgì mú, ó yára gbójú kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àgádágodo sínú ọ̀rá. Pupa fòò ni wọ́n, súìṣì ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tì pa, wọn ò wúwo tó èyí tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ike ni wọ́n fi ṣe ara wọn kí iná mànàmáná má baà gbà á kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan ò sì lè ṣí ìkejì. Ó fi káàdì pélébé kọ̀ọ̀kan tì í, níbi tí èèyàn á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí lábẹ́ ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ yìí. Mo sanwó. Gbogbo ẹ̀ kò tó owó tí ìyàwó mi ń ná lọ́jà lọ́sẹ̀ kan. Síbẹ̀ mi ò kúrò níwájú ìsọ̀ náà bọ̀rọ̀. Mo ti san ìka méjì fún irú àgádágodo yìí lọ́dún 2016, wọn ò kàn gbé ọjà fún mi ni.

Àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè lórí ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ ló gbé mi dé Victoria Island lọ́dún 2023. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá sáfẹ́tì ní ilé iṣẹ́ tí mo wà báyìí l'Agbára, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, mi ò jọ̀gá lé ẹnikẹ́ni lórí: èmi, tábìlì kan, àti àpótí oògùn pàjáwìrì ni gbogbo ẹ̀ka náà. Ilé iṣẹ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ mi, owó ọkọ̀ wà lọ́rùn ara mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti wà lọ́nà, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì Tú má baà ká mi mọ́.

Òkè ni wọ́n ti ń ṣe àpérò, ìsàlẹ̀ ni ìpàtẹ ọjà wà. Lókè, àwọn èèyàn wọ kóòtù, wọ́n ń fi àwòrán hàn lára ògiri. Nísàlẹ̀, ariwo ọjà ni. Ère ike tí wọ́n wọ bẹ́líìtì fún ni wọ́n so kọ́ sókè bí ẹran lójú àtẹ alápatà, kí a lè rí bí bẹ́líìtì ṣe ń gba ẹni tó bá já bọ́ láti orí òrùlé. Àṣíborí wà ní gbogbo àwọ̀, bàtà onírin, ìbọ̀wọ́ tí abẹ ò lè gé, ọ̀pá ìpaná, bíìrò ọ̀fẹ́, fìlà ọ̀fẹ́. Mo kó bíìrò tó pọ̀, mi ò ní purọ́.

Olóòtú ètò bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì mẹ́rin tó wà nínú gbọ̀ngán, ó ní bí a bá gbọ́ agogo, kí a má sáré, kí a má gbé báàgì. A pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìpàtẹ, mo rí i pé kúlà ìrẹsì àti páálí omi ti dí ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà náà pátápátá. Mo lọ bá ọmọkùnrin kan lára àwọn tó ń pín oúnjẹ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, a máa gbé e kúrò tí wọ́n bá jẹun tán." Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀gá sáfẹ́tì ló ti gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yẹn. Bóyá gbogbo wọn ló sọ fún un. Bóyá ebi ń pa gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí 2016 kí n tó gbàgbé ibi tí mò ń lọ.

Ilé iṣẹ́ oníke kan l'Ọ́tà ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kásúà ni mí. Lẹ́nu géètì ni wọ́n ti ń ka orúkọ wa lójoojúmọ́, bí wọn ò bá ka tìẹ, o padà sílé. Ìdí kírọ́ṣà ni wọ́n fi mí sí, ẹ̀rọ tó ń lọ ike tó bàjẹ́ wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè tún un yọ́. Abẹ inú rẹ̀ nípọn bí àdá ìpẹran. Ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ kan, ike líle kan há sáàárín abẹ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Kí n tó ro ohun tí màá ṣe, Nẹ́pà mú iná lọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, ó ṣókùnkùn biribiri. Súpáfáísọ̀ wa ní kí n lo àyè yẹn láti yọ ike tó há, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Mo ṣí ìdérí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di fóònù mú kí n lè ríran, mo ki òsì bọ inú ẹ̀rọ. Iná ò sáà sí. Kí ló tún lè ṣe mí?

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fi kírọ́ṣà náà sí dáírẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó bá pé, kọ̀ǹtákítọ̀ wà nínú pátákó iná rẹ̀ tó máa ń jáwọ́ bí iná bá lọ. Bí iná bá padà dé, ẹ̀rọ ò ní gbéra àfi bí ẹnìkan bá tẹ bọ́tìnnì tó ń tan án. Ti kírọ́ṣà wa ti jó láti bí oṣù mélòó kan, owó tí wọ́n máa fi ra òmíràn ò jáde, ni oníná ilé iṣẹ́ bá fi wáyà so òkè rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti ń dé ni kírọ́ṣà ń dìde fúnra rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ló mọ̀. Èmi, òru ni mo máa ń ṣe.

Ariwo ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Àwọn ọmọ tó ń di ọjà sí páálí ló pa á, bí gbogbo wa ṣe ń pa á láti kékeré. Ẹnu wọn ò tíì padé. Mi ò mọ ìrora lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó wà nílẹ̀, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àjà, mo sì ń rò pé ojú rẹ̀ á ti fọ́.

Wọ́n fi àkísà tí a fi ń nu gírísì dì mí lọ́wọ́. Ẹnìkan ṣa ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín mi, ó jù wọ́n sínú ọ̀rá omi tútù. Àwa mẹ́ta sáré dé géètì, a sì bá àgádágodo lẹ́nu rẹ̀. Láti ìta ni wọ́n ń tì í lálaalẹ́, kí òṣìṣẹ́ má baà gbé ọjà sá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ti lọ sùn sílé rẹ̀ ní Sàńgo. Wọ́n pè é, kò gbé e. Wọ́n tún un pè. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan, mo nawọ́ sókè bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe kí ẹ̀jẹ̀ lè dín kù, mo dà bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn ìbéèrè tí tíṣà ò rí. Aago mẹ́ta ti kọjá kí géètì tó ṣí.

Nílé ìwòsàn, dókítà wo inú ọ̀rá, ó mirí. Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá mọ ohun tó fà á tó fi mirí. Nọ́ọ̀sì kan ní ìpàtẹ náà ló fi ìka ike ṣàlàyé fún wa: aṣọ mímọ́ tó lọ́rinrin ni wọ́n fi ń wé ìka tó gé, wọ́n á fi sínú ọ̀rá gbígbẹ, wọ́n á so ó, ọ̀rá yẹn ni wọ́n á wá gbé lé yìnyín. Ìka fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi tàbí yìnyín. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì tó wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí mo padà lọ gba owó mi, wọ́n ti pa ajá fún Ògún nídìí ẹ̀rọ. Àgbà kan nínú wọn ní kí n dúpẹ́, pé ìka ni Ògún gbà, kò gba orí. Ìyá mi ní ayé ni. Ìyàwó mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, mi ò sì lè fi Ògún ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bàbá náà ò jẹ́ gbé ìka lé orí owú kí ó wá ní Ògún á dá a sí. Ògún kọ́ ló so wáyà yẹn. Èèyàn ló so ó, ẹlòmíràn ló ní kí ó so ó, ẹlòmíràn sì rí i tí kò sọ.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì naira ni akọ̀wé kà fún mi. Ó ní kí n tẹ̀ka síwèé pé mo ti gba ẹ̀tọ́ mi. Mo bi í pé ìka wo. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo béèrè bóyá nǹkan míì kù, ó ní, "Kásúà ni ẹ́. Èyí gan-an, àánú ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi nígbà tí mo dé ìsọ̀ NSITF lọ́jọ́ kejì àpérò, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò lérò pé màá pẹ́ níbẹ̀, torí tábìlì àti ìwé pélébé nìkan ni wọ́n ní, kò sí ère ike, kò sí fìlà ọ̀fẹ́. Obìnrin àgbà kan ló jókòó síbẹ̀. Mo kí i, mo ní, "Mà, òfin Employees' Compensation tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 yìí, ṣé ó kan kásúà?" Ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Ó ṣí ìwé òfin náà sí ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti túmọ̀ òṣìṣẹ́, ó fi bíìrò tọ́ka sí i: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ títí lọ, ẹni tó ń ṣe ààbọ̀ ọjọ́, ẹni ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kásúà. Àní ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó gbà á wà níbẹ̀. Bí àdéhùn bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó kà. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó rẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tí nǹkan bá ṣe é. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọdún kan ló ní láti béèrè.

Mo ní, "Ọdún kan."

Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Nígbà wo ni, sà?"

Mo sọ fún un. Ó pa ìwé náà dé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó fún mi ní ogún nínú ìwé pélébé náà láì jẹ́ pé mo béèrè. Gbogbo kásúà tó wà ní ilé iṣẹ́ wa báyìí ló ní ọ̀kan, mo sì ń bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń bi ọmọ ní kátíkísì.

Ọ̀rọ̀ lókè náà ò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sùn díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí àwọn olóṣèlú ń kí ara wọn. Wọ́n ní ìṣirò ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fi hàn pé èèyàn tó ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta ni iṣẹ́ ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, tí a bá ka àìsàn pọ̀ mọ́ jàǹbá. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde ni ti obìnrin kan tó sọ̀rọ̀ lórí iná àti ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti New York, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, ilé ìránṣọ kan tó wà ní àjà kẹjọ sí ìkẹwàá. Iná sọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà jí aṣọ gbé. 146 èèyàn ló kú, ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ sì bẹ́ láti ojú fèrèsé. Ó lọ sí Karachi ní Pakistan, oṣù kẹsàn-án ọdún 2012: ilé iṣẹ́ aṣọ, irin lójú fèrèsé, ẹnu ọ̀nà títì, ó ju 250 èèyàn lọ tó kú. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìkòròdú, oṣù kẹsàn-án ọdún 2002."

Gbọ̀ngán dákẹ́. Ìkòròdú kì í ṣe Pakistan. Mo lè wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí n padà sùn sílé. Ilé iṣẹ́ rọ́bà ni, ó jọ tiwa, l'Odògúnyàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru wà nínú ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, iná ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná síbẹ̀. Obìnrin náà ka òfin ilé iṣẹ́ wa ti ọdún 1987 fún wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Factories Act: níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ilé iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú ò fi ní lè ṣí i kíákíá. Òfin ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Ìkòròdú tó ṣẹlẹ̀. Ó ti wà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí n tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù níwájú géètì l'Ọ́tà. Owó ìtanràn tó wà nínú òfin náà, ẹ ò lè fi ra bàtà iṣẹ́ kan lónìí.

Ìgbà tí mo jáde kúrò níbẹ̀ ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọmọbìnrin oní-àgádágodo. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó rọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ pa súìṣì ńlá, á fi àgádágodo tirẹ̀ tì í pa, á fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tẹ bọ́tìnnì láti rí i dájú pé ẹ̀rọ ti kú lóòótọ́. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń ṣe é, àgádágodo mẹ́ta. Àgádágodo kan, kọ́kọ́rọ́ kan, èèyàn kan. Kò sí sípíà. Nẹ́pà lè mú iná, kí ó gbé e wá, kí ó tún mú un, ohun tó bá wù ú ni kí ó ṣe.

Bàbá kan tó ti ṣe iṣẹ́ epo rọ̀bì fún ọgbọ̀n ọdún ní Wárì ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí mi ò fi tètè rí ìsọ̀ yẹn. Ó ní ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà bá ewu jà: mú ewu kúrò pátápátá, bí kò bá ṣeé mú kúrò, fi ohun tó sàn jù rọ́pò rẹ̀, bí kò bá ṣeé ṣe, fi ìdènà sáàárín ewu àti èèyàn, lẹ́yìn náà, tún ètò iṣẹ́ ṣe, èyí tó kẹ́yìn, tó sì jẹ́ ọ̀lẹ jù nínú gbogbo wọn, ni ohun tí à ń gbé wọ̀. Ó ní kí a sọ̀kalẹ̀ lọ wo iye ìsọ̀ tó ń ta ti ìkẹyìn. Mo lọ wò ó. Ó ju ìdajì lọ dáadáa. Èmi náà tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ló wà lórí ìwé tí mo mú bọ̀ láti Agbára. Ọwọ́ mi wà nínú ìbọ̀wọ́ lóru ọjọ́ yẹn l'Ọ́tà o. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

Mi ò sọ pé nǹkan wíwọ̀ ò dára. Ọmọkùnrin kan tó ń ta àṣíborí ló yí ọ̀kan dé ojú, tó fi àmì róbótó kan hàn mí lábẹ́ etí rẹ̀, ó rí bí ojú aago. Ọfà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí oṣù tí wọ́n ṣe é, ọdún wà láàárín. Oòrùn máa ń jẹ ike náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi gan, bí nǹkan bá já lù ú, á fọ́ bí akèrègbè. Mo ti ń gbé àṣíborí kiri láti ọdún mẹ́rin, mi ò rí àmì yìí rí. Nígbà tí mo padà sí Agbára, mo yí gbogbo tiwa dé ojú. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2009.

Wọ́n ń ta ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tí kò ju rédíò kékeré lọ, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú tánkì tàbí kànga bá léwu. Ọkùnrin tó ń tà á sọ ìtàn tí gbogbo wa mọ̀: wọ́n sọ jẹnẹrétọ̀ kékeré kalẹ̀ sínú kànga kí wọ́n lè fa omi rẹ̀ gbẹ, ẹni tó wọlé lọ dákú, àbúrò rẹ̀ wọlé lọ gbé e, aládùúgbò tún tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Mo béèrè iye rẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo ní mò ń bọ̀.

Ibi tí mo ti gba ìròyìn tí mi ò ní lọ́kàn ni yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń yẹ etí wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti mí mọ́ ibẹ̀ (mo béèrè bóyá ó ṣeé ṣí láti inú), wọ́n gbé nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn. Mo gbọ́ èyí tó dún bùù. Mo gbọ́ èyí tó dún bíi fèrè. Lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ wá, mo sì rò pé wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọn ò tún nǹkan kan ṣe. Ọmọkùnrin náà fi ìwé hàn mí, ìlà kan rìn geere, ó wá já bọ́ sí kòtò níbi tí wọ́n kọ 4000 sí, ìyẹn apá àwọn ohùn tó tínrín. Ó ní, "Bàbá, ariwo ló ṣe èyí. Kì í padà o."

Ó ní ibi tí ariwo bá ti dé décíbẹ́lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, etí ti ń san gbèsè. Bí o bá ní láti pariwo kí ẹni tí kò jìnnà sí ọ ju gígùn apá kan lọ tó gbọ́, o ti wà níbẹ̀. Nídìí kírọ́ṣà, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó wá sọ nǹkan kan tó jọ mí lójú: ohùn ọ̀rọ̀, dò-re-mí, á ṣì máa dé etí mi, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tó ń sín bí afẹ́fẹ́, s, ṣ, f, ló kọ́kọ́ ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìyàwó mi ní kí n ra ẹ̀fọ́ bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni mo gbọ́. Mo bi í pé ẹ̀ṣọ́ kí la fẹ́ fi ṣe nínú ilé tí a ò ní nǹkan kan, ó bínú, ó ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo gbé àgádágodo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé Agbára, ọ̀gá mi kọ́kọ́ béèrè sípíà. Mo ní kò sí. Ó ní nínú ilé iṣẹ́ òun, kò sí ilẹ̀kùn tí òun ò lè ṣí. Mo ní, "Sà, kì í ṣe ilẹ̀kùn." Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó gbà. Bàbá Oníná ló le jù. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, gbogbo wáyà ló mọ̀ bí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Sáfẹ́tì, ṣé èmi lo fẹ́ ti mọ́ ìta súìṣì mi?" Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín." Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni l'Agbára bí ìka mi ṣe lọ. Ọkọ̀ ni mo máa ń sọ pé ó ṣe é. Bí mo ṣe dárúkọ dáírẹ́ẹ̀tì, bàbá náà wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó ṣí pátákó iná ẹ̀rọ méjì, ó yọ wáyà kékeré kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn wá sórí tábìlì mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó wá kọ ìwé owó kọ̀ǹtákítọ̀ tuntun, mo bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Kò lọ geere o. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ kan gbé kọ́kọ́rọ́ sí àpò, ó lọ sílé ní Badagry, ẹ̀rọ sì dúró fún wákàtí mẹ́ta. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgérin gé àgádágodo náà láì pè mí. Mo bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi náà ni, mi ò ṣètò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, a kò ní gé e àfi bí a bá pe ẹni tó ni ín lórí nọ́ńbà tó wà lára káàdì, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò sí nínú ilé iṣẹ́, tí a sì lọ fi ojú wá inú ẹ̀rọ wò. Ti géètì òru gba oṣù méjì. Ọ̀gá bẹ̀rù olè. A fẹnu kò sí i pé kọ́kọ́rọ́ á máa wà nínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nínú ọgbà, níbi tí mẹ́gáàdì á ti máa rí i. Ẹni tó bá fọ́ gíláàsì á ṣàlàyé lọ́jọ́ kejì.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo dúró ṣe òru pẹ̀lú wọn. Ike há nínú kírọ́ṣà tiwa. Ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ pa súìṣì, ó ti àgádágodo pupa mọ́ ọn, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ títí dé ìgúnpá. Láàárín ìyẹn ni Nẹ́pà mú iná lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀, kò dá iṣẹ́ dúró. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí gbogbo ibẹ̀ tó tún mọ́lẹ̀ yòò. "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" ni wọ́n pariwo láti apá ibi tí wọ́n ti ń di ọjà. Ọwọ́ òsì mi fò sókè fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fa ike tó há yọ, ó jù ú sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Sáfẹ́tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ìgbálẹ̀ yẹn."